Ẹni Tó Bo Báfù

Ohùn obìnrin ló kọ́kọ́ kúrò létí mi. N ò lè sọ ọjọ́ tó kúrò. Ó dà bí ìgbà tí omi bá ń gbẹ nínú kànga: o ò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tí o bá ju agbè sísàlẹ̀ tó bá gbé yẹ̀pẹ̀ bọ̀. Ohùn ẹyẹ tẹ̀ lé e. Ohùn ọmọdé tẹ̀ lé e. Ti ọkùnrin ṣì kù díẹ̀. Bí ọkùnrin tí ohùn ẹ̀ nípọn bá dúró tì mí, tí kò kánjú, mo lè mú ìdajì ohun tó sọ, màá fi ojú wá ìdajì tó kù lẹ́nu ẹ̀.

Ti fóònù ò tiẹ̀ ṣeé sọ. Bí ìyá rẹ bá pè mí láti Kútọnu, ẹni tó bá ń kọjá lọ lójúde ni mo ń gbé e fún. Onítọ̀hún á gbọ́ ọ, á wá fi igbe sọ ọ́ sí mi létí. Gbogbo àdúgbò á ti mọ ohun tí ọmọ mi ń bá mi sọ kí èmi tó mọ̀ ọ́n.

Ìwọ lo ní kí n sọ̀rọ̀ kí o kọ ọ́. Ó dáa. Kọ èyí tí mo bá sọ. Èyí tí n ò bá sọ, fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ báfù tó wà ní pálọ̀ yẹn ni. Ìyàwó mi, ìyá ìyá rẹ, ló rà á. Owó kajú ọdún méjì ló kó lé e. Báfù yẹn kì í ṣe irú àwọn kéékèèké tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Àpótí pákó ni, dúdú, ó ga dé orúnkún, ẹnu ẹ̀ rí roboto níwájú. Ohùn ilẹ̀ nìkan ló ń sọ. Bí orin bá ń lọ, àwọn kéékèèké á gba ti òkè, òun á gba ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, àwo irin kan tó ní eyín bíi ti òòyà níta, tí wáyà kún inú ẹ̀. Àmpílí ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba iná, òun ló ń fún ohùn lágbára. Bí kò bá sí i, àpótí lásán ni, o lè jókòó lé e kí o máa bó ẹ̀gẹ́.

Ìyàwó mi ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Èmi ò bá a lọ. Bó bá ti dé ní ọjọ́ Sunday, láìwọ bàtà, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti pọ́n fún yẹ̀pẹ̀, kò ní tíì bọ́ sùtánà ẹ̀ tán tó fi máa tan báfù. Orin ìjọ wọn ni. Fèrèsé á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Màá ní, "Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ wó ilé lé wa lórí ni?"

Á ní, "Ilé tí o fọwọ́ ara rẹ kọ́? Ṣé kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Kí lo fẹ́ kí n sọ sí yẹn? Nígbà yẹn mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ó fi òwú funfun hun aṣọ kan fún báfù náà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu kọdọrọ yẹn. Oṣù kan ló fi hun ún. Bó bá ti pa báfù tán, á fi aṣọ náà bò ó, á fà á wá sílẹ̀ níwájú, á fà á wá sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí eruku. Ọyẹ́ ìlú Bàǹtẹ̀ wa yìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Eruku ẹ̀ lè wọ inú ẹyin.

Nílé wa, ẹni tó bo nǹkan ló ń ṣí i. Ilé ìyá mi ni mo ti bá a. Bí ìyá mi bá bo iṣu mọ́ inú ìkòkò tó sì lọ sódò, ebi ì báà máa pa wá kú, a ò ní ṣí i. A máa dúró dè é ni. Bí o bá ṣí ohun tí ẹlòmíì bò, bí ẹni pé o ní onítọ̀hún ò ní padà wá ni. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ gbọ́ ràdíò, tó sì ní láti gba inú báfù, ìyàwó mi ni mo ń pè kó wá ṣí aṣọ ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi báfù náà gbọ́ orin, orí ń fọ́ mi. Mo ti ti oko dé. Nígbà yẹn ohùn ẹ̀ ti kúrò létí mi, ó ti tó ọdún méjì, n ò sọ fún un. Mo kígbe pé, "Pa nǹkan yẹn!" Ó pa á. Ó bò ó. Ó fà á wá sílẹ̀ níwájú, ó fà á wá sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó wá dúró, ọwọ́ ẹ̀ wà lórí aṣọ náà, ó kọjú sí mi, ẹnu ẹ̀ ń lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń wo ojú ẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ̀n." Bó bá fa ojú ro, mo mi orí. Ọjọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín, kò fa ojú ro. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀n." Ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá kan ara ẹ̀ ti kú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalu. Ọjọ́ kẹsàn-án la gbé òkú ẹ̀ padà wá sílé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá a sọ mọ́.

Àwọn èèyàn wá. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ, wọ́n kọrin. Oṣù kan, oṣù méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n dín kù. N ò bá wọn wí. Ẹni tó bá wá kí mi ní láti pariwo, ọ̀fun á sì máa dun ún títí á fi dé ilé. Ẹnìkan á pariwo ẹ̀ẹ̀kan, á pariwo ẹ̀ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta á kàn fi ọwọ́ kí mi láti ojú ọ̀nà.

Ilé wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ju pé kò sí èèyàn lọ. Ṣíbí kan àwo, kò dún. Mo rìn láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ mi ò dún. Mo wúkọ́, àyà mi ló sọ fún mi pé mo wúkọ́. Bí o kò bá gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ fún ọjọ́ mélòó kan, o máa wo ilẹ̀ bóyá o ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ mi lọ jẹ lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìdúró, kí n lè máa rí àwọn alùpùpù tó ń kọjá.

Ọjọ́ kan ni mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. N ò ṣí i. Mo kàn fi ìka wá bọ́tìnnì ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ràdíò kékeré tó wà lórí tábìlì, wáyà ti so ó mọ́ báfù láti ọjọ́ yìí wá. Mo tan ràdíò náà. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló gbọ́. N ò wọ bàtà, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi gòkè, ó dé orúnkún, ó dé ikùn, ó jókòó sí àyà mi. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ràdíò, èyí tó máa ń fi èdè Ìṣà wa sọ ìròyìn lọ́sàn-án, ohùn ẹ̀ nípọn bí ohùn akọ màlúù. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé báfù. Mo mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìgbà tó sinmi. Mo mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. N ò mọ ọ̀rọ̀ tó sọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú ilé.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko. Lábẹ́ aṣọ ni mo ń tàn án, lábẹ́ aṣọ ni mo ń pa á. N ò fọ aṣọ náà, n ò gbọn eruku ẹ̀. Ìyàwó mi ló bò ó.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni báfù náà kú. Ọ̀sán ni, ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀. Ó gbóná. Ó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, mo rò pé ara ẹ̀ ló yá, inú mi tiẹ̀ ń dùn sí i nítorí òtútù ọyẹ́. Òórùn kan jáde bí ìgbà tí èèpo ẹ̀pà bá ń jóná. Ohùn náà já lójijì, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo yọ wáyà, mo fi í padà. Mo gbá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí a ṣe ń gbá ẹ̀yìn ọmọ tí omi há lọ́fun. Kò sí nǹkan kan.

Mo ro ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ sí oko tí kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbé báfù náà lọ bá ọkùnrin tó ń tún fóònù àti tọ́ọ̀ṣì ṣe lẹ́bàá títì níbí ní Bàǹtẹ̀. Kò tiẹ̀ tú u. Ó fi imú kan ẹ̀yìn ẹ̀ láti orí aṣọ, ó gbóòórùn ẹ̀, ó sún mọ́ etí mi.

"Bàbá, àmpílí ẹ̀ ti jó. Ẹ ní láti pààrọ̀ ẹ̀. N ò ní irú ẹ̀ níbí. Savalu ni kẹ́ ẹ lọ."

Mo ní, "Kò sí ibòmíì?"

Ó ní, "Ibòmíì wo? Savalu ló sún mọ́."

N ò tíì padà sí Savalu láti ọjọ́ tí a gbé ìyàwó mi kúrò níbẹ̀. Iṣu mi tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi gbé e lọ. Mo tún fi ọjọ́ méjì jókòó. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé báfù, mo mú iṣu méjì, mo wọ tákísí.

Dírẹ́bà fẹ́ so ó mọ́ orí mọ́tò pẹ̀lú àpò kajú àti ewúrẹ́ kan. Mo kọ̀. Mo gbé e sórí itan mi, pẹ̀lú aṣọ funfun tó bò ó. Mẹ́rin la wà lẹ́yìn. Ìyá kan tó jókòó tì mí wo báfù náà, ó wo mí, ó sọ nǹkan kan, gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́. Dírẹ́bà rí mi nínú dígí, ó mọ̀ pé n ò gbọ́. Ohùn ẹ̀ nípọn, ó dára.

Ó ní, "Bàbá, ìyá yìí ní ṣé ìyàwó tuntun lẹ gbé sórí itan ni, tẹ́ ẹ fi bò ó lójú báyìí?"

Mo ní, "Rárá o. Ti àtijọ́ ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá náà na ọwọ́, ó kí báfù bí a ṣe ń kí ìyàwó. Mo gbá báfù náà mú títí a fi dé.

Ọkùnrin tó ń tún àwọn báfù ṣe ní Savalu, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ò jìnnà sí ọjà. Èèyàn Mahi ni, irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń hewú. Ó ń sọ èdè wa, ó kàn ń fi Mahi tì í lẹ́sẹ̀ ni. Dàá ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ dáadáa. Bó ṣe kí mi ni mo mọ̀ pé màá lè bá a sọ̀rọ̀, ara tù mí díẹ̀.

Ó fún mi ní omi. Ó na ọwọ́ sí aṣọ náà láti ká a kúrò. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Ó dúró. Kò bínú. Ó wò mí, ó fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ nínú tèmi.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bí mo bá gbé báfù yìí padà sí Bàǹtẹ̀ bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ náà láá ṣe wà, ilé á sì dákẹ́ títí èmi náà á fi dákẹ́. Mo ní, "Jẹ́ kí n ṣí i fúnra mi." Mo mú etí aṣọ náà méjèèjì. Mo ká a. Eruku ọdún mẹ́ta dìde, àwa méjèèjì sín.

Ó yí ẹ̀yìn báfù síta. Àwọn eyín irin yẹn ti dí pátápátá, eruku ti dì mọ́ ọn bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ọ̀dà ara pákó ti wú, ó ti ṣí. Ó mú aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ibi tó máa ń bọ́ sí lẹ́yìn ti pọ́n, ó pọ́n ní ìlà ìlà, eyín àmpílí náà ti tẹ ara ẹ̀ síbẹ̀ bí irin ìlọṣọ.

Ó ní, "Dàá, ta ló bò ó?"

Mo ń wo àwọn ìlà náà. Ó rò pé n ò gbọ́.

"Mo ní, ta ló ń bò ó? Ẹ wò ó, ibí yìí ni imú ẹ̀. Ibẹ̀ ló fi ń mí. Ẹ di imú ẹ̀ pa, ẹ tún ní kó máa kọrin fún yín."

Mo ní, "Ìyàwó mi ni."

Ó pàtẹ́wọ́. "Àwọn ìyá wa! Ilé gbogbo ni. Tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á bò ó. Fíríìjì, wọ́n á bò ó. Tèmi nílé, bí mo bá pẹ́ lórí àga, á fi aṣọ bo èmi náà. Dàá, ẹ bá mi sọ fún ìyá kí wọ́n má bò ó mọ́."

Mo ní, "Màá sọ fún un."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yọ àwọn ìṣó oníyíyí tó wà yípo ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú ìdérí ìgò. Ó fa àwo irin náà jáde. Wáyà pupa kan, wáyà dúdú kan ló so ó mọ́ ẹnu báfù. Ó tú wọn. Ó gbé àmpílí náà sí mi lójú. Inú ẹ̀ dúdú. Àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ bí ife kékeré, orí wọn ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, méjì ti bẹ́.

Mo ní, "Ṣé a ò lè pààrọ̀ àwọn yìí nìkan?"

"Bó bá jẹ́ àwọn yìí nìkan ni, ǹ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó tí wọ́n dúró lé ti di èédú. Odindi ẹ̀ la máa pààrọ̀."

Ó wọ ẹ̀yìn, ó túlẹ̀ láàárín òkìtì irin. Ó gbé òmíràn jáde. Ó ní inú báfù kan tí ẹnu ẹ̀ ya ló ti yọ ọ́. "Ti onítọ̀hún, iwájú ló bàjẹ́. Tiyín, ẹ̀yìn ni. Ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀kan ṣe ti èkejì." Ó fi irin kékeré méjì kan wáyà ẹnu báfù mi, ó wo ohun tí aago tó fi ń wọn iná sọ. Ó ní bí agbára àmpílí bá ju ohun tí ẹnu lè gbé lọ, ẹnu á ya. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọ́n bára mu.

Ṣùgbọ́n ihò ẹ̀yìn báfù tóbi ju àwo tuntun náà lọ, ní ìwọ̀n ìka kan. Ó rẹ́ pákó pẹlẹbẹ, ó gé àárín ẹ̀ síta bí férémù àwòrán, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà. Ó tún gé fóòmù tín-ínrín, ó tẹ́ ẹ yípo kó tó gbé irin lé e. Mo bi í pé fóòmù ṣe wá jẹ́.

Ó ní, "Kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè jáde ni. Dàá, bí a ò bá dí i dáadáa, dípò kó kọrin, á máa só."

Mo rẹ́rìn-ín. N ò gbọ́ ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n ikùn mi mì. Ó ti pẹ́ tó ti mì gbẹ̀yìn.

Ó fẹ́ dán an wò lórí tábìlì. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní kí ló dé. Mo bọ́ bàtà.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ́."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé báfù náà sílẹ̀, ó so iná mọ́ ọn, ó tan orin kan. Òun náà yọ bàtà ẹ̀ kan. Àwa méjèèjì dúró, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìhòòhò lórí sìmẹ́ńtì, bí adìyẹ nínú òjò. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó gun orúnkún. Ó wọ àyà. Ó lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Mo mi orí fún un.

Ó ní èyí yàtọ̀ díẹ̀. Bí ohùn ò bá wọ inú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fúnra ẹ̀ láá sùn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, á jí.

Mo ní, "Bí àgbàlagbà."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, Dàá, kì í ṣe èmi."

Mo san ohun tó ní kí n san, mo gbé iṣu méjèèjì fún un. Ó ti gbé báfù dé ẹnu ọ̀nà fún mi, mo sì mọ̀ pé n ò lè lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kò bò ó rí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá pa á tán ló ń bò ó. Ọdún mẹ́ta tí báfù yẹn fi mí sínú aṣọ, ọwọ́ èmi ni. Mo sì dúró níwájú ẹni tí n ò mọ̀ rí, mo fi orúkọ obìnrin tí kò sí níbẹ̀ gba ẹ̀bi tèmi.

Mo ní, "Kì í ṣe ìyàwó mi ló jó o. Èmi ni. Òun bò ó lẹ́yìn tó pa á. Èmi ni mo ń tàn án lábẹ́ aṣọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. "Ó dáa, Dàá. Ẹ má jẹ́ kó dìjà láàárín yín."

N ò sọ ìyókù fún un. Zẹ́mìjàn tó gbé mi lọ sí ibùdó mọ́tò gba iwájú ilé ìwòsàn yẹn kọjá. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn ọlọ́kadà náà títí a fi kọjá.

Nígbà tí mo délé, mo fọ aṣọ náà fúnra mi. Ọṣẹ méjì ni mo lò. Ibi tó pọ́n ò lọ. Mo sá a, mo ká a, mo kó o mọ́ àwọn sùtánà ẹ̀ nínú àpótí. Mo tan báfù, láìbò, fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi bọ́tìnnì ẹ̀ dé òkè pátápátá. Mo jókòó jẹun nínú ilé.

Ọjọ́ kẹrin ni obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ, tí ilé ẹ̀ fi ògiri ti tèmi, wọlé wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń fi ọwọ́ kí mi láti ojú ọ̀nà ni. Ẹnu ẹ̀ ń lọ, n ò gbọ́. Ó na ìka sí báfù. Ó na ìka sí ilé ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó yí padà, ó jáde. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ó tún wọlé pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ kan tí ife tánganran mẹ́fà wà lórí ẹ̀, ó gbé e ka orí báfù, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà.

Àwọn ife náà bẹ̀rẹ̀ sí jó. Wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn. Ọ̀kan rìn dé etí àwo, ó wo ilẹ̀, ó já bọ́.

Mo wò ó. Ó wò mí. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi, kò pariwo. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi dà bí ti ọkùnrin.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ń pa mí."

Mo gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀.

Mo ní, "N ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀! Òru ni mo fi ń ro ẹ̀kọ, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Ọ̀sán yẹn gan-an lẹ̀ ń lu ògiri mi. Ẹ̀kọ tí mo dà sínú abọ́ ń gbọ̀n, kò fẹ́ dì."

"Irọ́ nìyẹn. Báfù kì í ní kí ẹ̀kọ má dì."

"Ẹ wá wò ó."

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kó bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn. Ó ní bàbá tòun náà ò gbọ́ràn mọ́ kó tó kú. Bí àwọn bá pariwo, kì í gbọ́. Bí obìnrin bá rẹ ohùn sílẹ̀, á gbọ́. Bàbá náà ló sọ fún wọn.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ò sọ fún àwọn ará ilé yín ni?"

Mo ní n ò sọ fún ẹnì kankan.

Kí lo fẹ́ kí n tún sọ fún un? Ojú ń tì mí nígbà yẹn. Mo ṣì ń kọ ebè, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní adití. Ọdún méjì ni mo fi ń wo ojú ìyàwó mi tí mo ń sọ pé ẹ̀n. Obìnrin tó mọ̀ nípa ohùn ilẹ̀ ju gbogbo Bàǹtẹ̀ lọ ni. Bí mo bá ti sọ fún un, ọjọ́ kan ni ì bá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo dín báfù kù fún obìnrin ẹlẹ́kọ. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò sí nǹkan kan. Mo gbé e sókè díẹ̀, ife bẹ̀rẹ̀ sí jó. Mo dín in kù, ẹsẹ̀ mi kú. Òun náà rí i. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ife ẹ̀. Kò sí ibi tí àwa méjèèjì lè dúró sí lórí bọ́tìnnì yẹn.

Ó jókòó sórí àga. Ó tún fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

Ó ní, "Ọjọ́ ọjà, n kì í sí nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa fi wó ilé lọ́jọ́ yẹn bó bá wù yín. Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn."

Mo ní ó dáa.

Bó ṣe wà nìyẹn. Obìnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀, ó sì ní àwọn tirẹ̀. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, mo ń lọ sí oko, mo ń bọ̀, mo ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà. Àná ni ọjọ́ ọjà. Mo ti tan báfù kí ó tó gbé igbá ẹ̀kọ ẹ̀ kọjá lójúde. Ó yíjú, ó na ìkúùkù sí mi. Mo ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin ràdíò yẹn ò tíì dé, orin ni wọ́n ń fi sí i. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo bọ́ bàtà, mo dúró dè é.